Sípíríǹgì Tí Mo Pààrọ̀ Nínú Ẹ̀rọ Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bi mí ní orúkọ. Àwọn tó bá mọ̀ mí ní Treichville, ní Abidjan níbí, máa tètè mọ̀ pé èmi ni. Kí wọ́n ṣáà pa ẹnu mọ́. Mo ba nǹkan ọkọ mi jẹ́. Kì í ṣe àṣìṣe, kì í sì í ṣe iṣẹ́ èṣù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ojú mi sì là kedere. Láti ìgbà náà ni gbogbo èèyàn ti ń yìn mí pé obìnrin onísùúrù ni mí.

Ǹ bá má sọ ọ́ títí wọ́n á fi sin mí. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo ń sun oorun mi dáadáa, mo tilẹ̀ sanra sí i. Ọmọ mi obìnrin ló ti iléèwé dé láìpẹ́ yìí, tó sọ̀rọ̀ kan ní kíṣìnì, tí oúnjẹ sì ti korò lẹ́nu mi láti ọjọ́ náà. Màá dé orí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́.

Treichville ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Grand Marché, èmi ni mo sì jogún ìsọ̀ rẹ̀. Mo kàwé débi tó mọ. Faransé mi dán lẹ́nu. Oníbàárà tó bá gbọ́ ohùn mi lórí fóònù á rò pé Cocody, àdúgbò àwọn olówó, ni mo ń gbé. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí ìgbéraga mi ti wá.

Ọkọ mi kò ní irú ẹ̀. Mùfútáù ni orúkọ rẹ̀. Ó ti di géńdé kó tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì ń tún ṣe nínú ìsọ̀ páànù kan lẹ́yìn ọjà. Epo ẹ̀rọ ń rùn lára rẹ̀ títí kan ọjọ́ Jímọ̀. Tó bá fẹ́ sọ Faransé, ṣe ló máa ń to ọ̀rọ̀ léra bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù tí kò ní sìmẹ́ńtì. Bàbá mi ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kì í purọ́. Mo fẹ́ ẹ torí pé bàbá mi ní kí n fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó fi àìpurọ́ se ọbẹ̀ rí.

Àwọn ọkọ ẹgbẹ́ mi ń kó ọjà wọ̀lú. Wọ́n ń wọ aṣọ básíní tó ń dún ṣáká-ṣáká tí wọ́n bá ń rìn. Tèmi máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ àtijọ́, á fi fìlà nu àbẹ́rẹ́. Mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ "ẹ" ẹnu mi nígbà náà, ẹ máa mọ̀ pé èébú ni.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ tún ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣe ní Adjamé, lápá ọjà Roxy. Ó bá àwọn obìnrin kan nínú àgbàlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ń rọ omi atalẹ̀ àti bísáàpù, tí wọ́n ń pè ní sóbò nílé, sínú ìgò fún títà. Tantí Sálímátà ni olórí wọn, obìnrin Júlà kan tó ti dàgbà, tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lẹ bébà mọ́ ìgò, èyí tí àwa níbí ń pè ní etikẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fi òǹtẹ̀ tẹ déètì sí i, wọ́n á gé e, wọ́n á pa gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á lẹ̀ ẹ́. Òmíràn á wọ́, òmíràn á dojú dé. Gọ́ọ̀mù á ti gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ bí ìpẹ́ ẹja.

Ọkọ mi dé ilé, kò jẹun. Ó ní, "Ìyá Rólí, mo lè ṣe ẹ̀rọ tó máa ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo ní, "Ẹ̀yin? Ẹ kọ́kọ́ ṣe ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yìí kó tì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe ilẹ̀kùn náà. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ẹ bú u, á lọ tún nǹkan ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ó mú kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti kú, ó gbẹ́ igi róbótó-róbótó, ó de rọ́bà mọ́ ọn, ó ra òǹtẹ̀ déètì. Ó ń ṣe é, ó ń tú u, ó tún ń ṣe é. Ẹ̀yìn ilé wa kún fún àfọ́kù irin àti bébà jákujàku. Ọmọ wa Rólíátù, tí a ń pè ní Rólí, ṣì kéré nígbà náà. Tí mo bá dé ọjà, èmi àti Ìyá Násírù, ọ̀rẹ́ mi tí ìsọ̀ rẹ̀ kangun sí tèmi, á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ wa. Á ní, "Onímọ̀-ẹ̀rọ ńlá ńkọ́?" Èmi á ní, "Ó wà nílé, ó ń bá páànù ṣèpàdé." A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Àwọn oníbàárà náà á bá wa rẹ́rìn-ín. Yẹ̀yẹ́ ọkọ mi ni mo fi ń tajà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ìdí tí mo fi ba ẹ̀rọ náà jẹ́ ni pé kò dáa. Ìbá ṣe pé kò dáa ni, ǹ bá jókòó, kí n máa wo bó ṣe máa dójú ti ara rẹ̀. Ó dáa. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ lọ fi ẹ̀rọ náà han Tantí Sálímátà, ó pè mí sẹ́yìn ilé.

"Ìyá Rólí, wá wo nǹkan."

"Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

"Kò ní pẹ́."

Mo jáde, mo ń yínmú. Ó gbé ìgò òfìfo kan síbẹ̀, ó yí kẹ̀kẹ́ náà. Bébà wọlé, òǹtẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ déètì, ó gbéra sókè, ọ̀bẹ gé e, búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn, igi onírọ́bà sì yí i mọ́ ìgò. Ó lẹ̀ gbọnrangandan, àfi bí ẹni pé ara ìgò náà ló ti hù jáde. Ó gbé ìgò mìíràn, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé mìíràn. Kò sí èyí tó wọ́.

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wá. Ó fi ìka hàn mí. "Wo sípíríǹgì kékeré yìí. Òun ló ń gbé òǹtẹ̀ sókè lẹ́yìn tó bá tẹ̀ tán. Tó bá ti rọ̀, òǹtẹ̀ ò ní dìde, gbogbo ohun tó kù á sì dàrú. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nìyí, bí wọ́n ṣe ń fi sí i nìyí."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé èmi ni màá máa bá yín tún un ṣe ni?"

Ó ní, "Rárá o. Mo kàn fẹ́ kó kọ́kọ́ yé ọ kó tó yé ẹlòmíì."

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn, torí pé òun gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Inú mi ò dùn. Mo wo ìgò mẹ́ta tó dúró ṣánṣán yẹn, mo sì rí gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí mo ti fi ọkùnrin yìí ṣe lọ́jà tó ń padà bọ̀ wá bá mi. Tí ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́ níwájú èèyàn, èmi ni òmùgọ̀. Ìyá Násírù á wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n á ní ọlọ́gbọ́n ló fẹ́ mi, tí mi ò mọ̀. Ó wù mí kí a tòṣì kí ọ̀rọ̀ mi sì jẹ́ òótọ́, ju kí a là kó jẹ́ pé òun ló jàre lọ. Ẹ lè tutọ́ sílẹ̀. Èmi náà ti tu tèmi.

Nígbà tó lọ mọ́ṣáláṣí lọ kírun àsùbáà, mo lọ sẹ́yìn ilé. Agolo mílíìkì kan wà tó máa ń kó àwọn sípíríǹgì àlòkù sí. Mo ṣà á títí mo fi rí ọ̀kan tó jọ ti inú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ti rọ̀. Mo yọ èyí tó dáa, mo fi èyí tó rọ̀ sí i. Kò le rárá. Olùkọ́ mi ti kọ́ mi dáadáa. Mo ju èyí tó dáa sínú gọ́tà, mo ṣe àlùwàlá, mo sì kírun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bó ṣe wà níbẹ̀. Mo kírun.

Mo bá a lọ sí Adjamé. Mo tilẹ̀ wọ aṣọ tó dáa. Àwọn obìnrin náà ti pé sí àgbàlá, àwọn kan lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà ní Roxy sì wá wòran torí pé ọmọ ìlú wọn ni. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń na ọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n ra ní iye kan kí wọ́n tà ní iye kan lọ, síbẹ̀ wọ́n di ọwọ́ sẹ́yìn bí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ dájọ́.

Ọkọ mi sọ Faransé rẹ̀ tó ń ṣubú lura. Ó gbé ìgò síbẹ̀. Ó yí kẹ̀kẹ́.

Òǹtẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò dìde. Bébà fà ya, ó ká jọ sábẹ́ rẹ̀. Yíǹkì ń ṣàn. Ó rò pé nǹkan ló há, ó fi agbára yí i, búrọ́ọ̀ṣì sì fọ́n gọ́ọ̀mù sí aṣọ Tantí Sálímátà. Ìgò náà bọ́, ó fọ́. Ó gbé òmíràn, ìyẹn náà fọ́. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò fura sí mi. Ó kàn ń wá ojú ẹni tirẹ̀ láàárín èrò.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín.

Tantí Sálímátà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nu gọ́ọ̀mù kúrò lára ìró rẹ̀, ó ní, "C'est gâté, mon vieux," ìyẹn ni pé ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló kí i ní èdè Júlà pé "I ni baara," bí a ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Kíkí yẹn dùn ún ju ẹ̀rín lọ. Mo rí i lójú rẹ̀.

A gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn takisí wọ́rọ́-wọ́rọ́ padà sílé. Nígbà tó tú u, ó rí sípíríǹgì tó rọ̀ náà. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mo mú èyí tí kò dáa nínú agolo, tí mo rò pé èyí tó dáa ni. Ojú mi ò ríran mọ́." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá Rólí, má bínú. Mo dójú tì ọ́ láàárín èèyàn."

Ẹ gbọ́ o. Ó ń bẹ̀ mí.

Mo ní, "Mo ti ń sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

Kò ṣe ẹ̀rọ tuntun kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó tú èyí ká, ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ẹ̀rọ ẹlòmíì ṣe. Ó lọ ra awò ojú tí kò nílò. Iṣẹ́ tó ti ń fi ojú dídì ṣe láti kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹ̀. Á de nǹkan tán, á tún tú u wò, á ní bóyá òun ti ṣì í mú. Iṣẹ́ tó bá ṣòro, á ní kí wọ́n gbé e lọ bá ẹlòmíì. Àwọn ará ìlú wa níbí wá sọ ọ́ di àṣà. Tí nǹkan bá bàjẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó yọrí, wọ́n á ní, "Sípíríǹgì Mùfútáù ni." Níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á ní kó sọ ìtàn náà, á sọ ọ́, á fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á máa lu itan. Mo máa ń wo ẹnu wọn tó ya gbàgà, tí ẹran wà láàárín eyín wọn. Mo kórìíra wọn gan-an. Àmọ́ ta ló kọ́ wọn ní ẹ̀rín náà?

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn Tantí Sálímátà ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà. Mo yà síbẹ̀ lọ wò ó. Ó ń lẹ etikẹ́ẹ̀tì, ó ń wọ́ díẹ̀. Kò dáa tó ti ọkọ mi. Mo ra ìgò bísáàpù kan, mo mu ún lórí ìdúró, mo sì lọ sílé.

Ó ṣàánú mi sí i lẹ́yìn ọjọ́ Adjamé yẹn. Ó gbà pé òun jẹ mí ní gbèsè ìtìjú. Á pọn omi dè mí, á bá mi ká aṣọ tí mo bá ti ọjà kó dé, kò gbé ohùn sókè sí mi rí. Àwọn ìyá ní ọjà á ní, "Ìyá Rólí, o ní sùúrù o, ká ní ẹlòmíì ni, á ti lọ." Mo ń dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ló ń fúnni ní sùúrù.

Ó dé orí ọ̀rọ̀ Rólí báyìí.

Ọmọ yẹn jọ bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ kó kọ́ ìmọ̀ òwò, ó kọ̀, ó lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Cocody. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn láti fi parí ẹ̀kọ́ ni pé kí kálukú ṣe ẹ̀rọ kan. Tirẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì onínọ́ńbà fún àwọn tó bá ń tò ní ilé ìwòsàn. Kò lo iná. Èèyàn á tẹ irin kan, ẹ̀rọ á ti tíkẹ́ẹ̀tì jáde, nọ́ńbà á yí sí èyí tó kàn. Ó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń há. Ó gbé e wá sílé kí bàbá rẹ̀ bá a wò ó.

Mo wà ní kíṣìnì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọkọ mi jókòó níwájú ẹ̀rọ náà. Mo rí ojú rẹ̀. Ó ti rí ohun tó ń ṣe é. Láti ibi tí mo dúró sí, mo mọ̀ pé ó ti rí i. Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. Ó dá a padà, ó fi sí abẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé e.

Ó ní, "Gbé e lọ bá àwọn olùkọ́ yín."

Rólí ní, "Pápà, ẹ kàn fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ní, "Má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ mi ò dáa sí nǹkan tuntun. Ìwọ náà mọ ìtàn mi."

Ọmọ náà wọ kíṣìnì wá bá mi. Kò sunkún. Ó gbé omi mu, ó ní, "Maman, ẹ̀yin lẹ jàre. Màá fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n tó lọ dúró níwájú wọn kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dà bíi pé ọwọ́ Pápà ni mo jogún."

Mo ń ro ọbẹ̀. Mo ń rò ó lọ. Mi ò lè sọ fún un pé ọwọ́ tó jogún kò ní àbùkù kankan. Tí mo bá la ẹnu, mo gbọ́dọ̀ sọ bí mo ṣe mọ̀.

Ó ti sọ fún ọ̀gá iléèwé rẹ̀ pé òun ń ronú láti kúrò. Wọ́n ní kó mú èsì wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ yín. Ẹ máa ní kí n lọ bá ààfáà. Ẹ máa ní kí n ṣe sàráà. Àwọn kan nínú yín á kọ̀wé pé èṣù obìnrin ni mí, wọ́n á sì padà lọ sídìí ohun tí àwọn náà ń ṣe fún ọkọ tiwọn. Ẹ má fi ìyẹn yọ ara yín lẹ́nu. Mi ò ní kí ẹ ṣàánú mi.

Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé mo mọ bó ṣe máa rí. Tí mo bá sọ fún Mùfútáù, kò ní lù mí. Kò ní lé mi. Á nu ojú, á sì ní kò burú, ó ti kọjá. Kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Mo ti fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwà tútù rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, mi ò wá mọ bí màá ṣe jókòó sábẹ́ rẹ̀ báyìí. Rólí ní tirẹ̀, èmi ló fi ẹnu jọ. Ó máa gbé ojú lé mi, ó máa bi mí ní ìdí, ìdí tí mo sì ní kò ju èyí tí mo ti sọ fún yín lọ. Lẹ́yìn náà, á mú ẹ̀rọ rẹ̀, á mú bàbá rẹ̀, wọ́n á jọ tún un ṣe. Kò ní pè mí ní Maman mọ́ bó ṣe ń pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ ń lọ. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún: ọkùnrin tó máa dárí jì mí, àbí ọmọ tí kò ní dárí jì mí?